Bí Fóònù Ò Bá Mú Lójú Ọ̀nà: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Gbé RV Kúrò ní Dallas

Nígbàkúùgbà tí àwọn ọmọ bá ti gba ọlidé gígùn, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń di ẹrù, tá a sì máa ń kúrò ní Dallas, Garland, Mesquite, Arlington àti àyíká wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn kan ń lọ kí ẹbí ní Houston tàbí Atlanta. Àwọn míì fẹ́ kí àwọn ọmọ rí òkè àti aṣálẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Texas. Nínú wọn làwọn tó ń háyà RV wà, ìyẹn mọ́tò ńlá tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà tàbí méje, ó lè dín owó òtẹ́ẹ̀lì kù.

Ohun kan wà tí a kì í sábà rò kí á tó gbéra: nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nílé, fóònù ń mú, íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, a sì ti kó gbogbo nǹkan sínú fóònù: máàpù, owó, ìwé, nọ́ḿbà àwọn ènìyàn. Ẹ wakọ̀ wákàtí mélòó kan sí ìwọ̀-oòrùn, ó di pé kò sí nǹkan kan mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fàájì nìkan. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ tó fẹ́ fi iṣẹ́ kíláàsì ránṣẹ́ sí tíṣà, ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù ní Ìbàdàn tó ń retí ìpè lórí WhatsApp, gbogbo wọn ló nílò rẹ̀. Bí mọ́tò bá sì dákú nínú oòrùn gangan, ó lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

A fẹ́ ṣàlàyé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń rìn, ohun tí ẹ lè ṣe láìná kọ́bọ̀, ohun tó yẹ kí ẹ rà bí ó bá pọn dandan, òfin tó wà lórí rẹ̀, àti bí ẹ ṣe lè dáàbò bo ara yín níbi tí fóònù ò bá ti mú rárá.

KÍ LÓ Ń MÚ KÍ NẸ́TÍWỌ́Ọ̀KÌ DÍNKÙ?

Àkọ́kọ́ ni pé òpó kò sí nítòsí. Òpó, tàbí máàsì bí a ti máa ń pè é nílé, ni fóònù ń bá sọ̀rọ̀. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni ilé-iṣẹ́ máa ń rì í sí. Ẹ wo Brewster County, níbi tí ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Big Bend wà. Ilẹ̀ rẹ̀ ju ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n nínú ìkànìyàn ọdún 2020, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pé 10,000. Ta ni yóò wá ri òpó sí gbogbo kọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ìkejì ni agbára fóònù fúnra rẹ̀. Agbára tó fi ń ránṣẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wáàtì kan lọ, nígbà tí òpó ń lo ọ̀pọ̀ wáàtì. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi gbohùngbohùn bá yín sọ̀rọ̀ láti orí òkè kejì, tí ẹ̀yin sì ń fi ẹnu lásán dá a lóhùn. Ẹ ń gbọ́ ọ, òun ò gbọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí ojú fóònù fi lè máa fi ọ̀pá méjì hàn, kí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ má sì lọ.

Ìkẹta ni irú ìgbì tí òpó ń lò. Bí òde bá ń lọ ní àdúgbò, láti òpópónà kejì, ìró ńlá tó ń dún "gbì, gbì" nìkan la máa ń gbọ́. Ohùn tínrín ti sọnù sójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí. Ìgbì ìsàlẹ̀ bíi 600, 700 àti 850 MHz máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń wọ inú ilé. Ìgbì òkè tí 5G ń lò láàárín ìlú yára gan-an, ṣùgbọ́n kì í lọ jìnnà, ògiri sì tètè máa ń dá a dúró.

Ìkẹrin ni ara RV. Páànù ló bo ọ̀pọ̀ nínú wọn, páànù sì máa ń dá ìgbì padà. Ẹni tó jókòó sínú RV ń gbìyànjú láti fóònù láti inú táńkì ni.

ṢÉ NẸ́TÍWỌ́Ọ̀KÌ Ò LÁGBÁRA NI, ÀBÍ ÈRÒ LÓ PỌ̀?

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ kí ẹ tó náwó. Bí ẹ bá lọ sí State Fair ní Fair Park lọ́jọ́ tí èrò kún bámúbámú, fóònù lè ní ọ̀pá mẹ́rin kí fọ́tò má sì lọ. Òpó wà nítòsí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ó dà bí ìgbà tí gbogbo àlejò ayẹyẹ bá sún mọ́ olóúnjẹ kan ṣoṣo. Kò sí ẹ̀rọ tó lè wo irú èyí sàn. Ẹ dúró di àárọ̀ kùtù, tàbí kí ẹ bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn.

Ọ̀pá tó wà lójú fóònù kì í ṣe òṣùwọ̀n tó dájú. Nọ́ḿbà tí wọ́n ń pè ní dBm ló dára jù. Lórí iPhone, ẹ tẹ *3001#12345#* bí ìgbà tí ẹ fẹ́ pe ènìyàn, kí ẹ sì wá RSRP. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí About phone, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń sọ nípa SIM. Àmì ìyọkúrò máa ń wà níwájú nọ́ḿbà yìí, nítorí náà èyí tó bá sún mọ́ òdo ló dára. Bí ó bá wà ní -80 tàbí -90, ó dára. Bí ó bá ti di -110, ara rẹ̀ kò le. Bí ó bá kọjá -120, ẹ lè sọ pé kò sí. Nọ́ḿbà mẹ́ta péré tó bá sún mọ́ òdo túmọ̀ sí pé agbára ti di ìlọ́po méjì. Mẹ́wàá túmọ̀ sí ìlọ́po mẹ́wàá.

Bí dBm yín bá dára tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wọ́, èrò ló pọ̀, tàbí kí dátà hotspot tó wà nínú owó tí ẹ ń san ti tán. Ẹ má ra nǹkan kan.

OHUN TÍ KÒ NÁ YÍN NÍ KỌ́BỌ̀

1. Ẹ jáde síta. Bí ẹ bá jáde kúrò nínú páànù tàbí tí ẹ gun ibi gíga, ó lè tó. Àwa tá a ti gun òkè rí lábúlé torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹnikẹ́ni ò ní kọ́ wa ní èyí.

2. Ẹ yan ibi ìgúnlẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Ẹ má gúnlẹ̀ sínú kòtò tàbí ẹ̀yìn òkè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ibùdó RV kí ẹ tó sanwó: nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń mú níbẹ̀?

3. Ẹ lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì. Mẹ́ta ni àwọn ńlá tó ni òpó káàkiri: AT&T, T-Mobile àti Verizon. Ọ̀pọ̀ àwọn olówó pọ́ọ́kú ló ń gun orí òpó wọn. Ti AT&T ni Cricket, ti T-Mobile ni Metro, ti Verizon sì ni Visible. Nítorí náà, bí bàbá bá ń lo AT&T, tí ìyá ń lo Cricket, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni wọ́n ń lò; bí ọ̀kan ò bá mú, èkejì ò ní mú. Bí ẹ bá fi SIM olóṣù kan láti ilé-iṣẹ́ mìíràn sínú fóònù kan, ó lè ṣe yín láǹfààní ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ. Kí ẹ tó lọ, ẹ wo máàpù nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ní máàpù tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

4. Ẹ gba nǹkan sílẹ̀ nílé. Máàpù ọ̀nà, ìwé ọmọ, fíìmù àwọn ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ ti gbà sínú fóònù kí ẹ tó kúrò ní Dallas.

5. Ẹ lo Wi-Fi ọ̀fẹ́. Àwọn ibùdó ìsinmi tí ìjọba Texas kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ ní Wi-Fi ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìkàwé ìjọba ní àwọn ìlú kéékèèké. Ẹ má fi Wi-Fi ìta gbangba ṣe owó báńkì o.

BÚSÍTÀ: KÍ NI, BÁWO LÓ SÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́?

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò sì tó, tí ẹ sì máa ń rìnrìn àjò lọ́pọ̀ ìgbà, búsítà lè wúlò. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: áńtẹ́nà tó wà lórí òrùlé RV, ẹ̀rọ tó ń sọ ìgbì di ńlá, àti áńtẹ́nà kékeré nínú ọkọ̀. Ti ìta ń gba ohùn òpó, ẹ̀rọ ń gbé e ga, ti inú ń fọ́n ọn sí fóònù yín. Nígbà tí fóònù bá dáhùn, ọ̀nà kan náà ló máa gbà padà. Búsítà inú ọkọ̀ tí ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo ilé-iṣẹ́ lè gbé ìgbì ga dé 50 dB, òfin ò sì gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: búsítà kì í dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ń gbé èyí tó wà ró ni. Bí ẹ bá gun orí òrùlé RV tí fóònù ò sì mú rárá, búsítà náà ò ní rí nǹkan kan gbé. Òdo lọ́nà ẹgbẹ̀rún, òdo náà ni.

Nǹkan mẹ́rin míì wà láti mọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí áńtẹ́nà méjèèjì jìnnà síra. Ẹ rántí bí gbohùngbohùn ṣe máa ń han "fíììì" lóde ìnáwó nígbà tí ẹni tó dì í mú bá sún mọ́ sípíkà. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí búsítà bí áńtẹ́nà inú bá ń gbọ́ ti ìta. Ẹ̀rọ á dín agbára ara rẹ̀ kù, tàbí kó pa ara rẹ̀. Ẹ fi ti ìta sí ìparí òrùlé lẹ́yìn, kí ẹ sì fi ti inú síwájú, ibi tí ẹ máa jókòó sí.

Ìkejì, áńtẹ́nà inú kì í fọ́n nǹkan dé ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dínkù gan-an, kì í ju ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lọ. Ẹ gbé fóònù tó ń ṣe hotspot sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àwọn tó kù máa gba Wi-Fi láti ara rẹ̀.

Ìkẹta, ẹ wo ara páálí kí ẹ lè mọ irú ìgbì tó ń gbé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbé 600 MHz tí T-Mobile ń lò ní ìgbèríko, wọn kì í sì í gbé gbogbo ìgbì 5G.

Ìkẹrin, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára tẹ́lẹ̀, ẹ pa búsítà. Àwọn fóònù òde òní ń fi áńtẹ́nà méjì tàbí mẹ́rin gba dátà lẹ́ẹ̀kan náà, búsítà sì sábà máa ń gba gbogbo rẹ̀ kọjá lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó lè tún mú un lọ́ra.

Áńtẹ́nà oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ń gbọ́ láti gbogbo ìhà. Òun ló dára bí ọkọ̀ bá ń lọ. Èkejì ń kọjú sí ibì kan. Òun ló lágbára jù bí ẹ bá ti gúnlẹ̀. Àwọn tó dàgbà nílé mọ̀ ọ́n lò: ẹnì kan lórí òpó tẹlifíṣọ̀n níta tó ń yí i, ẹnì kan nínú ilé tó ń pariwo, "Ó ti mú! Rárá, dá a padà díẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó ṣe, kí ẹni inú máa ka dBm. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró bí ìṣẹ́jú kan kí nọ́ḿbà tó yí.

KÍ NI ÒFIN SỌ?

FCC ṣe òfin búsítà ní ọdún 2013, láti oṣù kẹta ọdún 2014 ni gbogbo búsítà tí wọ́n bá ń tà fún aráàlú sì ti gbọ́dọ̀ bá òfin náà mu. Ìdí ni pé búsítà burúkú lè da òpó kan rú, kí àwọn tó ń gbé àyíká má lè pe 911. Ẹ wá àmì FCC lára ẹ̀rọ. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù yín kí ẹ tó tàn án. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti ṣe é. Bí ilé-iṣẹ́ náà tàbí FCC bá ní kí ẹ pa á, ẹ gbọ́dọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀. Áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ara ènìyàn tó ínǹṣì mẹ́jọ.

Ẹ má ra èyí tí kò ní àmì nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Ẹ má sì ra sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mẹ́yìn fóònù tàbí app tó ní òun ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ga. Owó yín ló máa gbé lọ.

ÌYÀTỌ̀ LÁÀÁRÍN BÚSÍTÀ, RÁÚTÀ ÀTI SÁTẸ́LÁÌTÌ

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti inú RV lójoojúmọ́ lè rí i pé ráútà tó ní SIM tirẹ̀, tí wọ́n so mọ́ áńtẹ́nà méjì tàbí mẹ́rin lórí òrùlé, dára fún dátà ju búsítà lọ. Búsítà ló dára jù fún ìpè àti fún ibi tó jìnnà gan-an.

Níbi tí kò bá sí òpó rárá, ojú ọ̀run ló kù. Starlink bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ fún RV ní oṣù karùn-ún ọdún 2022. Roam ni wọ́n ń pè é báyìí. Ó ń fẹ́ iná mànàmáná, ó sì ń fẹ́ ojú ọ̀run tí igi ò bò. iPhone 14 àti àwọn tó tẹ̀ lé e ti lè fi sátẹ́láìtì pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà láti oṣù kọkànlá ọdún 2022. T-Mobile náà bẹ̀rẹ̀ T-Satellite ní oṣù keje ọdún 2025, èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kíkọ lọ níbi tí kò sí òpó. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó kí ẹ tó gbéra, torí pàjáwìrì kì í ṣe àkókò ẹ̀kọ́.

ÌWÉ YÍN ÀTI ẸNUBODÈ ÀYẸ̀WÒ

Ibí yìí ló kàn wá jù gẹ́gẹ́ bí àlejò ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ Border Patrol ní ibi àyẹ̀wò lórí I-10 ní Sierra Blanca, láàárín El Paso àti Van Horn, àti lórí àwọn ọ̀nà tó ń ti Big Bend bọ̀ wá sí àríwá. Ẹ kò kọjá odò lọ sí Mẹ́síkò, síbẹ̀ wọ́n lè dá yín dúró kí wọ́n bi yín léèrè ìwé.

Òfin sọ pé ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18 tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ máa mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ rìn, bíi green card tàbí I-94. Bí ìwé yín bá wà nínú í-meèlì nìkan, tí fóònù ò sì mú, kí lẹ máa fi hàn wọ́n? Ẹ mú ojúlówó rẹ̀ dání. Ẹ tẹ I-94 sórí bébà. Ẹ tọ́jú fọ́tò ìwé àwọn ọmọ sínú fóònù gan-an, kì í ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ kò tíì yanjú, kó kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kó tó gba ọ̀nà yẹn. Ẹ kọ nọ́ḿbà lọ́yà àti ti ẹbí kan sórí bébà.

Ẹ̀bá odò Rio Grande náà, fóònù lè ṣàdédé gbá nẹ́tíwọ́ọ̀kì Mẹ́síkò mú. Ẹ pa data roaming bí owó tí ẹ ń san kò bá kan Mẹ́síkò.

BÍ Ọ̀RỌ̀ BÁ DI 911

Òfin ní kí ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí gbé ìpè 911 kọjá, ì báà jẹ́ oníbàárà wọn ni tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àní bí fóònù ò tilẹ̀ ní owó nínú. Bí ẹ bá rí "SOS" lókè ojú iPhone, ó túmọ̀ sí pé òpó ẹlòmíràn wà nítòsí; ẹ lè pe 911. Bí ìpè ò bá lọ, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí 911, nítorí ọ̀rọ̀ kíkọ lè lọ níbi tí ohùn ò ti lè lọ. Bí àdúgbò náà kì í bá gba ọ̀rọ̀ kíkọ, wọ́n á fi èsì ránṣẹ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Nígbà tí ẹ bá ń lo búsítà, ibi tí ẹ wà lè má hàn dáadáa sí àwọn 911. Ẹ sọ ọ́ fún wọn: nọ́ḿbà ọ̀nà, ìhà tí ẹ kọjú sí, àti nọ́ḿbà tó wà lára pátákó máìlì. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa ka pátákó yìí. Eré lójú wọn ni.

Fóònù àtijọ́ tó jẹ́ ti 3G nìkan kò lè pe 911 mọ́, torí ọdún 2022 ni AT&T, T-Mobile àti Verizon pa 3G wọn. Ẹ má gbé e fún màmá tó ń báa yín lọ pẹ̀lú èrò pé ó ní fóònù.

Àti pé, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, kíkọ ọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí ènìyàn ń wakọ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ ní gbogbo Texas. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni kó máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

NÍPA OWÓ

ACP, ètò ìjọba tó ń dín owó íntánẹ́ẹ̀tì kù, ti parí ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ẹni tó bá pè yín pé òun fẹ́ forúkọ yín sílẹ̀ fún un, ẹ má fún un ní nọ́ḿbà Social Security yín. Èyí tó ṣì wà ni Lifeline, tó lè yọ owó tó tó $9.25 kúrò nínú owó fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù, ẹyọ kan fún ìdílé kan. Àwọn tó ń gba SNAP tàbí Medicaid, tàbí tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré, lè béèrè fún un.

KÍ Ẹ TÓ GBÉRA

Ẹ gba máàpù sílẹ̀. Ẹ fi SIM nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì sínú fóònù kan. Ẹ mú ìwé yín dání. Ẹ kọ nọ́ḿbà pàtàkì sórí bébà. Ẹ sọ fún ẹnì kan ní Dallas ọ̀nà tí ẹ ń gbà àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, kí ẹ sì sọ wákàtí tí ẹ máa pè é. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé ní Nàìjíríà pé ẹ lè má mú fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ọkàn wọn má bàa dàrú. Ẹ gbé omi tó pọ̀ sínú ọkọ̀.

Ọ̀nà á là o. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó sì bọ̀ ire.